Àwọn Tí Ó Rẹ̀ Létí Odò Bésórì

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 30:1-25
Ẹsẹ àkọ́sórí: 1 Sámúẹ́lì 30:6. Kí gbogbo ilé jọ kà á lẹ́ẹ̀mejì láti inú Bíbélì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí.

Ọlọ́run jí wa lónìí. Ṣùgbọ́n jíjí yàtọ̀ sí dídìde. Ẹnì kan lè wà nínú pálọ̀ tí ẹ ti ń gbàdúrà yìí tí ojú rẹ̀ ti là láti aago mẹ́ta òru, tí ó tẹjú mọ́ àjà ilé, tí ó ń ro owó ilé ìwé àwọn ọmọ, tàbí èsì àyẹ̀wò tí wọ́n ní kí ó wá gbà ní ọjọ́bọ̀, tàbí ọmọ tí ó ti rékọjá òkun láti ọdún mẹ́ta tí kò pe ilé mọ́. Nígbà tí ẹ kọrin, ó bá yín kọrin. Nígbà tí ẹ ṣe àmín, ó ṣe àmín. Òun gan-an ni ẹ̀kọ́ òní fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àti àwa tí a jókòó tì í tí a kò mọ̀.

Kí á tó dé Síkílágì, ó yẹ kí á mọ ibi tí Dáfídì ti ń bọ̀. Sọ́ọ̀lù ti lé e títí tí ó fi sá lọ bá Ákíṣì ọba Gátì, láàárín àwọn Fílístínì tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ákíṣì ni ó fún un ní Síkílágì, ó sì gbé ilẹ̀ náà fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin (1 Sámúẹ́lì 27:6-7). Nígbà tí ogun dé, ó bá Ákíṣì jáde, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè Fílístínì kò fọkàn tán an, wọ́n ní kí ó padà sílé. Àwọn ará ilé rẹ̀ lé e, àwọn tí ó sá tọ̀ kò sì gbà á. Ní ọjọ́ kẹta ni òun àti 600 ọkùnrin tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ wọ ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ìrìn-àjò gígùn rí mọ ohun tí ènìyàn máa ń rò bí ó bá kù díẹ̀ kí ó délé: omi tí yóò fi wẹ̀, oúnjẹ, ọmọ tí yóò sáré wá pàdé ẹni. Eérú ni wọ́n bá. Àwọn Ámálékì ti sun ìlú náà, wọ́n sì ti kó àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ lọ. Bíbélì sọ fún àwa tí a ń kà á pé wọn kò pa ẹnikẹ́ni. Kò sọ pé àwọn tí wọ́n dúró nínú eérú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n sun ún títí tí kò fi sí okun tí wọ́n lè fi sunkún mọ́.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Jagunjagun ni àwọn ènìyàn yìí. Dáfídì tí a ń wí yìí ni ó pa kìnnìún, tí ó pa béárì, tí ó fi kànnàkànnà ṣẹ́gun Gòláyátì. Síbẹ̀, ẹ ka orí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ kò ní rí ibi kan tí a ti bá a wí pé ó sunkún. Ọlọ́run kò bá a wí. Àlùfáà tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò bá a wí. Ẹni tí ó kọ ìtàn náà kò sì fi bò, bí ẹni pé ó ń ṣọ́ orúkọ ọba ọ̀la.

Àwa ni a máa ń báni wí. Èmi tí mo ń kọ èyí jẹ̀bi rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iná jó ṣọ́ọ̀bù arábìnrin kan nínú ìjọ wa. Aṣọ ni ó ń tà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjà náà ni ó gbà láwìn. Ó wá sí ìṣọ́ òru lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a wà nínú orin ìyìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo lọ bá a, mo di apá rẹ̀ mú, mo ní, “Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Inú èṣù ń dùn sí ẹkún tí ẹ ń sun yìí. Ẹ fi ìgbàgbọ́ gbé e.” Ó nu ojú rẹ̀, ó sì bá wa jó. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ pásítọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá. Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó lọ kí i nílé, èyí náà sì jẹ́ ìtìjú mi. Kò bínú sí mi. Ó bu omi fún mi mu, a sọ̀rọ̀ ọmọ àti ọjà, nígbà tí mo fẹ́ dìde ni ó wá sọ pé, “Pásítọ̀, n kò sá fún Ọlọ́run o. Ibi tí mo ti lè rí ẹkún mi sun ni mo ń wá.”

Mo ti wàásù nínú 1 Sámúẹ́lì 30 lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Orí ẹsẹ tí ó sọ pé wọ́n gba ohun gbogbo padà ni mo máa ń sáré lọ. N kò tíì dúró níbi ẹkún rí.

Àwọn bàbá wa ní, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òwe yẹn kò ní kí á má sunkún. Ohun tí ó ń sọ ni pé omi ojú kò fọ́ ojú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Dáfídì ní Síkílágì gan-an nìyẹn, nítorí ẹni tí ó sunkún títí tí okun rẹ̀ fi tán náà ni ó ríran jùlọ ní ọjọ́ náà.

Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé ẹkún. Àwọn ènìyàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí á sọ Dáfídì lókùúta. Kì í ṣe ọ̀tá ni wọ́n. Wọ́n ti jọ gbé inú ihò àpáta, wọ́n ti jọ jẹ ebi. Dáfídì pàápàá pàdánù, wọ́n ti kó Áhínóámù àti Ábígáílì, ìyàwó rẹ̀ méjèèjì, lọ. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kì í fẹ́ràn láti dá jókòó, a máa wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù, ẹni tí ó sì súnmọ́ wa jù ni ó sábà máa ń rí. Ṣé kò sí i nínú ilé wa? Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá, ọmọ da omi sílẹ̀, ọmọ gba ìgbátí. Oníbàárà rẹ́ ìyá jẹ ní ọjà, ọkọ tí ó béèrè oúnjẹ ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú. Òkúta Síkílágì ni. Bí ó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ ní òwúrọ̀ yìí, rọra bi ara rẹ léèrè ẹni tí ó sun ìlú rẹ. Àwọn Ámálékì ni. Kì í ṣe ẹni tí ẹ jọ dúró nínú eérú.

Nígbà náà ni a dé ẹsẹ 6 tí ẹ há sórí. Dáfídì fi Olúwa gbé ọkàn ara rẹ̀ ró. Ẹni mìíràn wo ni ìbá gbé e ró? Ìyàwó kò sí nílé. Jónátánì ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lójú ogun lọ́dọ̀ Sọ́ọ̀lù. Àwọn tí ó kù ń wo òkúta. Bíbélì kò sọ ohun tí ó rò tàbí ohun tí ó sọ fún ara rẹ̀ ní wákàtí náà. Èrò tèmi ni pé ìrántí ni ó lò. Ẹni tí Ọlọ́run ti yọ lẹ́nu kìnnìún, tí ó yọ lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù, ní nǹkan tí ó lè sọ fún ọkàn ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí á máa kọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wa sílẹ̀ nígbà tí ara bá tù wá, nítorí ní ọjọ́ Síkílágì a kì í rántí nǹkan kan.

Ohun tí a rí dájú ni èyí tí ó ṣe tẹ̀lé e: ó ní kí Ábíátárì àlùfáà gbé éfódù wá, ó sì béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run bóyá kí òun lépa àwọn ọ̀tá náà. Ó béèrè! Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀tọ́ láti fò sókè kí ó máa sáré lọ, òun ni. Ìyàwó rẹ ni wọ́n gbé lọ, kí ni o tún ń béèrè? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpinnu tí ó ba ayé wa jẹ́, ọjọ́ tí inú wa bàjẹ́ ni a ṣe é. Ẹlòmíràn ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin òkú. Ẹlòmíràn yá owó lórí fóònù ní òru, ní èlé tí kò lè san, nítorí pé ìtìjú kò jẹ́ kí ó dúró di òwúrọ̀. Ẹlòmíràn ń gbé owó lọ fún aríran tí ó ní òun mọ ẹni tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Sunkún bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́, ṣùgbọ́n má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan títí ìwọ yóò fi béèrè, tí ara rẹ yóò sì fi balẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ́dọ̀ Èlíjà, nítorí ọ̀rọ̀ ara tí a ń sọ yìí. Nínú 1 Àwọn Ọba 19, wòlíì yìí sá fún Jésébẹ́lì, ó jókòó lábẹ́ igi nínú aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Oorun ni ó kọ́kọ́ sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó jẹun, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún jẹun. Ẹ̀yìn èyí ni ó rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù, ibẹ̀ sì ni Ọlọ́run ti bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin alágbára àdúrà: kì í ṣe gbogbo ìrẹ̀wẹ̀sì ni ẹ̀mí òkùnkùn. Òmíràn, àìsùn ni. Òmíràn, ebi ni, a sì tún fi ààwẹ̀ gbígbẹ lé e lórí. Òmíràn sì jẹ́ àìsàn tí dókítà ní ìtọ́jú rẹ̀. Bí ènìyàn kò bá lè sùn, tí kò lè jẹun, tí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Bí irú èrò tí Èlíjà rò lábẹ́ igi bá ń wá sí ọ lọ́kàn, sọ fún ẹnì kan lónìí, kí o má dúró di ọ̀la, má sì ṣe dá nìkan wà. Ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ènìyàn Ọlọ́run tí ó rò ó.

A padà sọ́dọ̀ Dáfídì. Àwọn 600 náà dìde, wọ́n dé odò Bésórì. Igba nínú wọn, ọkùnrin 200, kò lè kọjá. Ó ti rẹ̀ wọ́n jù. Ẹ rántí pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn rìn, eérú kan náà ni wọ́n bá, ẹkún kan náà ni wọ́n sun. Irinwó rí okun tí wọ́n fi rékọjá, igba kò rí i. Bíbélì kò sọ ìdí rẹ̀, èmi náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó le fún ẹnì kan kì í le bákan náà fún ẹlòmíràn, a kì í sì mọ ohun tí ẹnì kejì ti rù wá láti ilé. Dáfídì kò bú wọn. Wọ́n jókòó ti ẹrù, ó sì kọjá lọ pẹ̀lú àwọn tí ó lè lọ.

Nínú oko, wọ́n rí ọmọ Íjíbítì kan tí ó ti dákú. Ẹrú ará Ámálékì ni. Ọ̀gá rẹ̀ fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ṣàìsàn, kò sì jẹ, kò mu, fún ọjọ́ mẹ́ta àti òru mẹ́ta. Ìyàwó Dáfídì wà ní ìgbèkùn, wákàtí ń lọ, síbẹ̀ wọ́n dúró, wọ́n fún un ní oúnjẹ àti omi, èso ọ̀pọ̀tọ́ àti èso àjàrà gbígbẹ, títí ẹ̀mí rẹ̀ fi sọjí. Aláìsàn tí ọ̀gá rẹ̀ jù nù yìí ni ó mọ ọ̀nà, òun ni ó sì mú wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń wá. Èmi kò rò pé Dáfídì mọ̀ pé ó mọ ọ̀nà nígbà tí ó ní kí wọ́n bu omi fún un.

Wọ́n gba ohun gbogbo padà, obìnrin, ọmọ, ẹran ọ̀sìn, kò sí èyí tí ó kù. Nígbà tí wọ́n padà dé Bésórì, Dáfídì súnmọ́ àwọn igba náà, ó sì kí wọn, ó béèrè àlàáfíà wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn búburú kan ti ní kí á má fún wọn ní nǹkan kan nínú ìkógun, kí olúkúlùkù gba ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ nìkan kí ó sì máa lọ. Ẹ gbọ́ ohùn yẹn dáadáa, a mọ̀ ọ́n. Òun ni ó ń sọ pé, “Níbo ni ó wà nígbà tí a ń gba ààwẹ̀?” Dáfídì kọ̀. Ó ní Olúwa ni ó fi í fún wa, ìpín ẹni tí ó lọ sójú ogun àti ìpín ẹni tí ó jókòó ti ẹrù yóò dọ́gba. Ó sì sọ ọ́ di òfin ní Ísírẹ́lì láti ọjọ́ náà lọ. Nínú gbogbo òfin tí ènìyàn lè ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́gun, ti àwọn tí ó rẹ̀ ni ó ṣe.

Nílé wa níbí, ẹnì kan ti ṣe ohun tí ó jọ èyí. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro ní ọdún 1954. Láyé ìgbà náà, ibi tí ó jọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sábà máa ń ti àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe mọ́. Lambo ní kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìbátan wọn bá wọn wá kí ó sì máa bá wọn gbé, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Ìròyìn ètò náà kàn káàkiri àgbáyé. Dókítà ni Lambo, oògùn kò sì ṣàjèjì sí i, ṣùgbọ́n ó rí i pé ara ìwòsàn ni kí á má ṣe yọ ẹni tí ó rẹ̀ kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí á wo ohun kan tí àwa oníwàásù sábà máa ń fò. Dáfídì padà sí Síkílágì, ó lo ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ìròyìn dé pé Sọ́ọ̀lù ti kú, Jónátánì náà ti kú (2 Sámúẹ́lì 1). Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́! Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ohun gbogbo padà tún fa aṣọ ara rẹ̀ ya, ó sọ̀fọ̀, ó sunkún, ó sì gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ti fún ọkàn rẹ̀ lókun nínú Olúwa ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, èyí kò ní kí ó má sunkún mọ́. Ẹ sì ṣí ẹsẹ àkọ́kọ́ nínú orí kejì: lẹ́yìn ẹkún náà, ó tún béèrè lọ́wọ́ Olúwa bóyá kí òun gòkè lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú Júdà. Hébrónì ni Ọlọ́run rán an lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi í jọba.

Arábìnrin tí iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti padà sí ìjọ. Ó ti ń tajà díẹ̀díẹ̀, gbèsè rẹ̀ kò tíì tán. Kì í jókòó níwájú mọ́ bí ó ti máa ń ṣe, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni ó ń jókòó sí. N kò tíì bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Fún ilé: Kí olúkúlùkù dárúkọ ẹnì kan tí a kò rí ní ìjọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Kí ẹnì kan pè é tàbí lọ kí i kí ọjọ́ òní tó ṣú. Ẹ má bi í léèrè ìdí tí kò fi wá. Ẹ kí i, kí ẹ sì béèrè àlàáfíà rẹ̀, bí Dáfídì ti ṣe létí odò.

Àdúrà: Bàbá, ìwọ tí o jẹ́ kí Dáfídì sunkún, jẹ́ kí n lè sunkún níwájú rẹ láìfi ojú pamọ́. Dárí jì mí fún gbogbo òkúta tí mo ti sọ lu àwọn ará ilé mi. Fi ọ̀nà tí n ó gbà hàn mí lórí ọ̀rọ̀ yìí (dárúkọ rẹ̀), má sì jẹ́ kí n sáré ṣáájú rẹ. Olúwa, rántí àwọn tí ó jókòó ti ẹrù ní òwúrọ̀ yìí nínú ilé yìí, nínú ìjọ wa àti ní òkè òkun, fún wọn ní oorun, fún wọn ní oúnjẹ, fún wọn ní ẹni tí yóò bá wọn jókòó. Ní orúkọ Jésù Krístì. Àmín.